Nọ́ńbà Ẹ̀tàdínlọ́gọ́fà

Ọdún kejìlélógún rèé tí mo ń kan ilẹ̀kùn páànù yìí
ní Kétu, lẹ́yìn Àkàbà Ìdẹ̀nà,
níbi tí erùpẹ̀ pupa ti ń kun ẹsẹ̀ àlejò
kí onílé tó rí omi bù fún un.
Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, irun mi dúdú bí ìdí ìkòkò.
Wọ́n ní ọdún márùn-ún ni iṣẹ́ náà yóò gbà.

Felisité lórúkọ tí fadá fún un, Àwẹ̀ró nílé,
nínú ìwé wa, nọ́ńbà ẹ̀tàdínlọ́gọ́fà.
Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ jẹ ẹ̀fọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá?
Kúbù mélòó nínú ìkòkò kan?
Sodabí ń kọ́? Iyọ̀ ń kọ́?
Kí ló pa ìyá tó bí ìyá yín?
"Ikú ni."
Ìwé mi ní àyè fún ẹ̀jẹ̀ ríru, fún àtọ̀gbẹ,
fún rọpárọsẹ̀, fún jẹjẹrẹ,
kò ní àyè fún ikú lásán.
Mo fàlà sí "a kò mọ̀".

Ní ti iyọ̀, ìdáhùn kan náà lọ́dọọdún:
"Ìwọ̀nba tí ìka méjì bá bù."
Ọkọ rẹ̀, nọ́ńbà ẹ̀rìndínlọ́gọ́fà, a mi orí lórí àga,
a ní obìnrin òun kì í fi iyọ̀ ṣeré.

Mo gba ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò tín-ín-rín, mo tẹ́ ẹ sórí yìnyín,
zẹ́mìjàn gbé e dé gáréèjì, ó di Kùtọnu.
Wọ́n ní ohun tí ẹyẹ bá jẹ ni ẹyẹ ń gbé fò.
Ta wá ló bi ẹyẹ léèrè ìyẹ́ tó bá a jáde nínú ẹyin?
Àwọn ọ̀gá mi bi í. Wọ́n tú ẹ̀jẹ̀ náà wò fọ́nrán-fọ́nrán,
wọ́n wo ìfúnpá tó ń gòkè, wọ́n wo ìka méjì iyọ̀,
wọ́n kọ ọ́ pé
nínú ìdílé yìí, àjogúnbá ni; kì í ṣe ẹnu ló fà á.
Mo ka gbólóhùn yẹn fún un rí. Ó dákẹ́, ó ń ṣa ẹ̀wà.

Lọ́dún yìí, àga ṣófo.
Mo bèèrè ẹ̀fọ́, mo bèèrè kúbù. Mo dé orí iyọ̀.
"Jókòó dáadáa," ló wí.
Ó tú etí ìró rẹ̀. Iyọ̀ ni, hóró-hóró, funfun báláú.
"Ní kékeré mi, bí kànga bá gbẹ tí a kò rómi rà,
ìyá mi a fi hóró kan sí mi láhọ́n
kí itọ́ lè sun, kí n rí nǹkan gbé mì.
Bẹ́ẹ̀ ni ìyá tirẹ̀ ṣe é fún un.
Láti ìgbà náà, bí ẹ̀rù bá bà mí, bí ọmọ bá kú, mo ń lá a.
Bàbá kò gbọdọ̀ mọ̀. Ìwọ sì máa ń bèèrè níṣojú rẹ̀."

Òfin wa ni pé a kì í pa ohun tí a bá ti kọ rẹ́.
Mo ṣí àwọn ojú ìwé náà: méjì, méjì, méjì.
Mo kọ "púpọ̀". Ìwé kò béèrè ìdí,
mo kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, lẹ́tà wínníwínní: òùngbẹ.
Bóyá wọn yóò pè é ní àṣìṣe.
Èmi gan-an kò mọ ibi tó yẹ kó wà, ní ẹnu ni tàbí ní ẹ̀jẹ̀,
ohun tí ìyá fi sí ọmọ láhọ́n.

Ó ní, "Ìwọ ń kọ́? Nọ́ńbà mélòó ni ọ́?"
Mo ní n kò ní nọ́ńbà.
Ó fa apá mi, ó wé aṣọ ìfúnpá náà mọ́ ọn
bó ṣe rí mi tí mò ń ṣe é nígbà méjìlélógún,
ó ń tẹ ọsàn rọ́bà rẹ̀, fùú, fùú.
Kò mọ̀wé. Ṣùgbọ́n ó wo ibi tí abẹ́rẹ́ náà dúró,
ó wò ó pẹ́, ó wá gbójú sókè.
"Ó dáa," ló wí, "kò burú rárá,"
ohùn tí èmi náà fi ń sọ ọ́ fún un ló fi sọ ọ́.